Pẹ́ńsùlù Pupa Tíṣà Polidoros

Tíṣà Polidoros ti kú, ó dojú bolẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, pẹ́ńsùlù pupa sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìíní, ọdún 1926, ọjọ́ àjọ̀dún Atanasio mímọ́. Kosmas Vergadis, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ìlú Skalopoli, bọ́ fìlà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà yìí ló kọ́ ọ ní a, b, d. Tíṣà yìí ló nà án lẹ́gba nítorí ìkọ̀wé wúruwùru. Ogójì ọdún ló fi kọ́ ọmọ ìlú, kò sì sí ẹni tó lè kọ ìlà méjì kí ó má mọ ẹni tó kọ ọ́.

Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá ni wọ́n ti fi bàbá náà sí yàrá yìí. Lọ́sàn-án lọ́sàn-án, wọn a gbé ìwé ìròyìn tọ̀ ọ́ wá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ìjọba kò bá fẹ́, bàbá náà á fa pẹ́ńsùlù pupa sí i. Òun náà ló ń ka lẹ́tà tó ń ti erékùṣù bọ̀, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n pè ní ọ̀tá ìjọba dà sí. Ìlú kórìíra iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kórìíra Tíṣà.

Irin òǹtẹ̀ ńlá kan wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń lu ìwé ìjọba ni, orí tábìlì yẹn gan-an ló máa ń wà. Apànìyàn náà kò mú ohun ìjà wá láti ilé. Ìbínú ló gbé e.

Kosmas bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rí ohun funfun lẹ́búlẹ́bú lára apá aṣọ òkú náà àti nílẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀kì ni, ọ̀gá," ọmọ ogun kan wí. "Tíṣà ṣáà ni."

Kosmas fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò. Ṣúgà ni. Bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí àtọ̀gbẹ kò ti jẹ́ kí Tíṣà fẹnu kan ohun dídùn.

Láàárín àwọn ìwé ìròyìn tó wà lórí tábìlì, ó rí ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan, èyí tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọdún 1896 ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Wọ́n ti ya bébà tí orúkọ wà lára rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ìwé náà, ojú ibi tí wọ́n ti yà á ṣì funfun. Kí ni Tíṣà fẹ́ fi ìwé ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba? Kosmas ti ìwé náà bọ àpò rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Kọ́nẹ̀lì Zafiris wọlé, ọ̀gá àwọn ológun ìlú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi ẹ̀ṣọ́: ta ló jáde níbí kẹ́yìn? Ẹ̀ṣọ́ ní Prodromos atẹ̀wé ni, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ẹjọ́ ti parí," ni Kọ́nẹ̀lì wí.

Kosmas ní ilẹ̀kùn méjì ni yàrá náà ní. Ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ti iwájú. Ti ẹ̀yìn já sí àgbàlá ilé ìgbìmọ̀ ìlú, kọ́kọ́rọ́ méjì ló sì ní: ọ̀kan wà lọ́rùn òkú yìí, èkejì wà lọ́wọ́ Fokion, akọ̀wé ìlú.

"Fokion ni a máa fi jẹ olórí ìlú ní oṣù tó ń bọ̀," ni Kọ́nẹ̀lì dá a lóhùn. "Má jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́ lẹ́nu rẹ."

Wọ́n lọ mú Prodromos nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, yíǹkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko ni Kosmas fi jókòó ti ìbínú. Àwọn ológun gba ìwé ẹjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dá a padà sídìí téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ. Ọ̀gágun tó ń ṣèjọba ní Áténì, olú-ìlú, ti pàṣẹ pé síkẹ́ẹ̀tì obìnrin kò gbọdọ̀ ga nílẹ̀ ju ọgbọ̀n sẹ̀ntímítà lọ, ọlọ́pàá ni yóò sì máa wọ̀n ọ́n. Kọ́pùrà Lambros, géńdé ọkùnrin tó ti mú gbajúmọ̀ olè mẹ́ta rí, ló wá ń kúnlẹ̀ lójú títì níwájú obìnrin pẹ̀lú téèpù. Bí kò bá wọn síkẹ́ẹ̀tì, wọn a ní kó lọ lé àwọn àlùfáà tí kò gba kàlẹ́ńdà tuntun. Apànìyàn ń rìn nígboro, ọlọ́pàá ń wọn aṣọ. Inú Kosmas, tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, wá di iná. Omi gbígbóná lásán lè dá a dùbúlẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, Kọ́nẹ̀lì ránṣẹ́ pè é. Ọjọ́ Sátidé ni ilé-ẹjọ́ ológun máa gbọ́ ẹjọ́ Prodromos, ìwé ẹjọ́ náà sì tín-ín-rín jù. Kó lọ fi ọ̀rọ̀ kún un.

"Mi ò ní kí o wá nǹkan kan," ni Kọ́nẹ̀lì wí. "Mo ní kí o kọ ọ́ kó gùn."

Kosmas ní ó dára, ọ̀gá. Ó jáde, ó sì lọ wá nǹkan.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Prodromos ní àtìmọ́lé. Ọmọ ìsáǹsá ogun ni Prodromos, láti òdìkejì òkun, tí òun àti Evantia ìyàwó rẹ̀ ń gbé nínú ahéré onípákó lẹ́yìn ìlú. Gbogbo ìlú mọ̀ pé bí wọ́n bá dé ilé-ẹjọ́ yẹn, ìbọn ló kù. Òpó tí wọ́n máa dè é mọ́ ti wà nílẹ̀ ní àgbàlá bárékè, ojú fèrèsé rẹ̀ gan-an ni.

"Tíṣà wà láàyè nígbà tí mo jáde," ló wí. "Ọ̀gá, mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí."

"Kí lẹ jọ sọ kẹ́yìn?"

"Ó fa pupa sí ìdajì ìwé mi, bí ìṣe rẹ̀. Mo ní Tíṣà, kí ni kí n fi dí gbogbo àyè yìí? Ó ní kí n má dí i. Ó ní, 'Fi àyè sílẹ̀ fún mi lójú ìwé àkọ́kọ́ tọ̀la. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ kọ.'"

"Kí ló fẹ́ kọ?"

"Ṣé mo mọ̀? Ẹni tó ń pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́ lójoojúmọ́ ló wá ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Mo rò pé àgbà ló ń dà á láàmú." Ó yọjú wo òpó náà. "Ẹ bá mi sọ fún Evantia kó má tíì wọ dúdú."

Kosmas gbé fìlà rẹ̀. Ó ní òun máa sọ.

Ẹni kejì ni Asimina, ìyàwó lọ́yà. Ọkọ rẹ̀ wà lára ọkùnrin mẹ́jọ tí wọ́n ti kó lọ sí erékùṣù láti ìgbà ooru. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà lọ: lẹ́tà tí kò lórúkọ a dé orí tábìlì Kọ́nẹ̀lì, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ní mọ́ bá ẹni náà nílé. Ẹ̀ṣọ́ ti sọ pé Asimina wá síwájú ọ́fíìsì Tíṣà lọ́jọ́ náà, pé ó ṣépè.

"Mo ṣépè," ni obìnrin náà wí. Kò tilẹ̀ sẹ́. "Mo ní kí ọwọ́ rẹ̀ rọ. Ó pa lẹ́tà ọkọ mi rẹ́ títí ó fi ku 'Ìyàwó mi' àti 'Ó dìgbà.'"

"Ìgbà wo nìyẹn? Kí Prodromos tó jáde ni?"

"Ó ti jáde. Mo pàdé rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kí n wọlé, ni mo bá bá Tíṣà sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé."

Kosmas dìde dúró. "Ṣé ó dá ọ lóhùn?"

"Ó dá mi lóhùn. Ó ní, 'Ní sùúrù, ọmọ mi, ó ku ọjọ́ kan.' Mo sọ fún àwọn ológun. Wọ́n ní ìyàwó ọ̀tá ìjọba kì í ṣe ẹlẹ́rìí."

"Níbo lo gbà lọ lẹ́yìn náà?"

Asimina wò ó bí ẹni wo aṣiwèrè. "Bi àwọn ènìyàn rẹ."

Kọ́pùrà Lambros ló ṣí ìwé rẹ̀, tìtìjú-tìtìjú. Ọjọ́ kejìdínlógún, aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú: Asimina, sẹ̀ntímítà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Wọ́n dá a dúró ní àgọ́ ọlọ́pàá títí di aago méje. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí téèpù náà wúlò nìyẹn. Kosmas fọwọ́ bojú.

Ó ti wá yé e pé Prodromos kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà ti gbọ́ ohùn Tíṣà, ẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Ẹ̀yìn ni apànìyàn gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ẹnì kan kò fẹ́ gbọ́, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?

Fokion gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín nílé ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni, aṣọ rẹ̀ máa ń dán, lọ́fínńdà rẹ̀ a sì ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó pàṣẹ kọfí fún àlejò rẹ̀. Kosmas ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ibi tó wà lọ́jọ́ náà, torí gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ìkọ̀wé rẹ̀ rẹwà. Fokion ní ìka ń dun òun, kí Kosmas kọ ọ́, òun á fọwọ́ sí i.

"Ọjọ́ Atanasio ni," ló wí. "Ibo ni ẹ rò pé mo máa wà? Èmi ni bàbá ìsàmì ọmọ Tanasis káfíńtà, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ọdọọdún ni mo ń lọ kí i lọ́jọ́ Atanasio, ẹni mímọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Láti aago mẹ́ta ni mo ti wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú."

Àwọn akọ̀wé kéékèèké jẹ́rìí. Ní aago mẹ́ta ọjọ́ Ajé náà, wọ́n rí i tó gbé páálí àkàrà oníṣúgà jáde, tó ní òun ń lọ kí Tanasis kú ọdún. Ṣúgà. Ọkàn Kosmas fò sókè, ó sì tún balẹ̀ padà. Ta ni kò gbé àkàrà oníṣúgà lọ́jọ́ náà? Àwọn tó ń jẹ́ Atanasio ní Skalopoli lé ní igba.

Lọ́jọ́ kejì oṣù kejì, ó lọ sétí òkun lọ́dọ̀ Tanasis. Ọjọ́ àjọ̀dún ìgbà tí wọ́n gbé Jésù ọmọ ọwọ́ lọ sí tẹ́ńpìlì ni, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló tì, kódà ọlọ́lọ kì í lọ nǹkan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti ọ̀ọ́kán ló ti ń gbọ́ ayùn Tanasis. Àwòrán ẹni mímọ́ mẹ́rin ló wà lára ògiri ìsọ̀ ọkùnrin náà, fìtílà ń jó níwájú wọn, òun sì ń rẹ́ pákó lọ́jọ́ ìsinmi. Kosmas rò ó pé ebi kì í jẹ́ kí òtòṣì mọ ọjọ́.

Tanasis rí aṣọ ọlọ́pàá, ó gbé ayùn sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ju ohun tí wọ́n bi í lọ.

"Fokion akọ̀wé ìlú, ṣé ó wá síbí lọ́jọ́ Atanasio?"

"Ó wá. Àjọ̀dún mi ò kọjá rí kó má wá."

"Ìgbà wo ló lọ?"

"Ilẹ̀ ti ṣú."

Olóòótọ́ ni Tanasis, ojú rẹ̀ kò ṣe bíi ti ẹni tó ń purọ́. Zambeta ìyàwó rẹ̀ gbé àkàrà wá nínú àwo, èyí tí wọ́n fi mílíìkì àti ẹyin ṣe, tó rin fún omi ṣúgà. Ó ní kí àlejò jọ̀ọ́, kó jẹ ẹ́, èyí tó kù nínú ti àjọ̀dún baálé òun ni. Kosmas rántí inú rẹ̀, ó sì rántí pé kò ṣeé kọ̀. Ó gbé e mì. Ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú àyà tó wúwo, torí ọ̀nà ti dí.

Ọjọ́rú ló fi kọ ìwé gígùn tí Kọ́nẹ̀lì fẹ́. Ojú ewé méjìlá, kò sí òtítọ́ kan nínú rẹ̀. Ó ń kọ, ó ń wo òfo. Evantia wá dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún, aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Kosmas gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé bí olè.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Kalliopi, gbé ìrẹsì sísè lásán síwájú rẹ̀, oúnjẹ ẹni tí inú ń yọ lẹ́nu. Kosmas ní kó bu ọbẹ̀ sí i, pé inú òun kò ro òun láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kalliopi ní kí ló jẹ tó wò ó sàn. Ó ní àkàrà onímílíìkì ni, nílé Tanasis, èyí tó kù nínú ti àjọ̀dún Atanasio.

Kalliopi gbé ṣíbí dúró lókè.

"Ti ọjọ́ Atanasio? Ìyẹn ti pé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àbúrò mi, àkàrà onímílíìkì kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó kan. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni ọ́, o jẹ oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, inú rẹ tí omi gbígbóná ń dà rú kò sì sọ nǹkan kan. Ìwọ gbà bẹ́ẹ̀?"

Kosmas kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó rántí pé àkàrà náà rọ̀, pé kò kan rárá. Ó rántí ayùn tó ń dún lọ́jọ́ ìsinmi nílé ẹni tó ní àwòrán ẹni mímọ́ mẹ́rin. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó fi ìrẹsì sílẹ̀.

Ní ìsọ̀ Tanasis, kò jókòó.

"Tanasis, ọjọ́ wo la wà lónìí?"

Ayùn dákẹ́. Zambeta ṣe àmì àgbélébùú láyà.

"Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní," ni Tanasis wí. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n sí i. "Nígbà tí wọ́n gbé kàlẹ́ńdà tuntun dé, ìjọba mú ọjọ́ mẹ́tàlá lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì náà tẹ̀lé wọn. Ọlọ́run kò mú nǹkan kan lọ."

"Sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀. Ìgbà wo ni àjọ̀dún rẹ?"

"Ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí. Ìgbà yẹn ni Fokion wá. Ẹ bi mí, mo sì sọ òtítọ́ fún yín."

"Ọjọ́ Ajé kejìdínlógún ti ìjọba ńkọ́?"

"Ọjọ́ karùn-ún ni tiwa. Ọjọ́ tó ṣáájú Ìrìbọmi Olúwa, ọjọ́ ààwẹ̀ gbígbẹ. Bọ́tà kò gbọdọ̀ wọ ilé yìí lọ́jọ́ náà, Fokion mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò fojú kàn án."

Kosmas ní ṣé ó lè fọwọ́ sí i níwájú Kọ́nẹ̀lì. Tanasis wò ó pẹ́. Ó ní bí òun bá fọwọ́ sí i pé òun ń tẹ̀lé ọjọ́ àtijọ́, ta ni ìjọba máa rán wá mú àlùfáà àwọn? Kosmas mọ ẹni tí wọ́n máa rán. Lambros tirẹ̀ ni. Ẹ̀rí tó lè gba Prodromos lọ́wọ́ ikú wà níwájú rẹ̀, kò sì lè fọwọ́ kàn án. Ìbínú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lójú ọ̀nà.

Ó wá ku ìwé inú àpò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé ìwé ìkọ̀wé ọdún 1896 ka iwájú Kọ́nẹ̀lì Zafiris. Ọmọ tó kọ ìwé náà máa ń tẹ ìdí lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì kan bí ìwọ̀ ẹja, Tíṣà sì ti fi pupa yí gbogbo ìwọ̀ náà ká, ojú ewé lórí ojú ewé. Kọ́nẹ̀lì wò ó lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ yí padà. Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó mú lẹ́tà kan tí kò lórúkọ jáde. Ìwọ̀ ẹja kún inú rẹ̀.

"Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí," ni Kosmas wí, "ṣé Tíṣà rí ọ̀kan nínú wọn?"

Kọ́nẹ̀lì kọjú sí fèrèsé. "Èmi ni mo fún un ní ọ̀kan. Mo ní òun ló kọ́ gbogbo ìlú, kó sọ ẹni tó ni ọwọ́ náà fún mi. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ olóòótọ́ náà."

"Wọn ò bá lẹ́tà yẹn lórí tábìlì. Ẹ mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, ẹ sì dákẹ́."

Kọ́nẹ̀lì ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n pe Fokion wá.

Fokion wọlé tòun ti lọ́fínńdà rẹ̀. Kosmas ní ìbéèrè kan péré lòun ní: páálí àkàrà tó gbé jáde lọ́jọ́ Ajé kejìdínlógún, níbo ló gbé e lọ?

"Mo ti sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ Tanasis."

"Tanasis ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tirẹ̀ kò tíì pé. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá lo kí i, o sì mọ̀ pé bí mo bá bi í lẹ́yìn ìgbà náà, yóò sọ òtítọ́ tó máa bo irọ́ rẹ mọ́lẹ̀. Ṣúgà àkàrà rẹ wà lára aṣọ òkú. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ rẹ." Ó ti ìwé náà sí i. "Ọwọ́ rẹ rèé nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Ẹ jẹ́ kó kọ ìlà kan níwájú wa, Kọ́nẹ̀lì. Ìka náà á ti san."

Fokion wo ìwé náà. Ó wo Kọ́nẹ̀lì, bóyá yóò gbà á. Kọ́nẹ̀lì ń wo lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀.

"Àkàrà ni mo gbé lọ bẹ̀ ẹ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò lọ pa á. Ó ti ránṣẹ́ pè mí, pé kí n gba ẹ̀yìn wá lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ó tẹ́ lẹ́tà náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé yìí. Ó ti fi pupa sàmì sí i látòkè délẹ̀. Lẹ́tà tí mo fi rán ènìyàn lọ sí erékùṣù, Tíṣà máàkì rẹ̀. Ó fún mi ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Ó ní kí n jókòó, kí n kọ orúkọ mi sídìí rẹ̀, pé ọ̀la ni yóò wà nínú ìwé ìròyìn. Mo ní Tíṣà, ọmọ yín ni mo jẹ́. Ó ti páálí náà dànù. Ó ní 'Jókòó, Fokion,' bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé irin. Lẹ́yìn náà mo ya orúkọ mi kúrò lára ìwé, mo sì mú lẹ́tà náà lọ."

"Àwọn mẹ́jọ ńkọ́?" ni Kosmas bi í. "Kí ni wọ́n ṣe ọ́?"

"Gbogbo wọn ló ṣáájú mi. Bí wọ́n bá wà nílé, ta ni yóò rántí fi akọ̀wé jẹ olórí ìlú?" Ó yíjú sí Kọ́nẹ̀lì. "Ẹ̀yin náà kò bèèrè bóyá òótọ́ ni. Ẹ kàn ń ránṣẹ́ mú wọn ni."

Kọ́nẹ̀lì pa lẹ́tà náà pọ̀, ó fi í sápò. Ìdájọ́ rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí wọ́n tú Prodromos sílẹ̀, kó fọwọ́ síwèé pé òun kò ní sọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pé òòyì ló kọ́ Tíṣà, tó ṣubú. Fokion kò ní dé kóòtù kankan, torí kóòtù á ka lẹ́tà. Kí wọ́n fi í sínú ọkọ̀ ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá ìjọba.

"Ọkọ̀ tó ń lọ síbo?" ni Fokion bèèrè.

Kọ́nẹ̀lì ní erékùṣù kan ṣoṣo ni àwọn ní. Àwọn mẹ́jọ wà níbẹ̀, wọ́n sì ní àkókò láti gbọ́ ìtàn. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ̀ṣọ́ méjì ló wọ́ Fokion jáde.

"Àwọn mẹ́jọ náà, ìgbà wo ni wọ́n máa padà?" ni Kosmas wí.

"Àwọn mẹ́jọ wo?" ni Kọ́nẹ̀lì wí. Ó na irin òǹtẹ̀ sí i, èyí tí wọ́n ti fọ̀ mọ́. "Àyè Tíṣà ṣófo. Ìwọ ni màá fi síbẹ̀. O mọ ìwé kà dáadáa jù."

Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́rin, Prodromos gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ wá. Ó ti rù. Gbogbo ojú ìwé àkọ́kọ́ ló fi sọ ìtàn náà, látorí ṣúgà dórí lẹ́tà. Ó ní àyè tí Tíṣà tọrọ nìyẹn. Kosmas kà á tán. Ó rí òpó àgbàlá bárékè, ó rí Evantia nínú aṣọ aláwọ̀ ewé. Ó mú pẹ́ńsùlù pupa, ó sì pa á rẹ́, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, inú rẹ̀ ń bà jẹ́ bó ṣe ń fà á. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù nídìí ojú ìwé náà: *Tíṣà Polidoros ti kú, ẹni tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé gbogbo ọmọ tó kọ́.* Kosmas lu òǹtẹ̀ sí ìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Asimina wọlé, ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kò dá a dúró. Ó gbé e ka orí tábìlì, ó fi ìka sí gbólóhùn náà.

"Ọwọ́ ta ló mọ̀?" ló wí.

Kosmas ṣí àpótí tábìlì. Ó gbé ìwé ìkọ̀wé ọdún 1896 jáde, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, níbi tí wọ́n ti ya orúkọ kúrò. Ó mú pẹ́ńsùlù pupa, ó fara balẹ̀ kọ *Fokion* síbẹ̀, ìkọ̀wé tó mọ́ tónítóní tí Tíṣà ìbá fún ní mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó tì í síwájú Asimina, ó sì ní kó jókòó, kó kà á.